Ọmọ Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Kó Tó Pé Ọjọ́ Mẹ́jọ

Àbúrò ọkọ mi ni mò ń pè ní Akọ̀wé. Kò kọ ìwé kankan rí, ọkọ̀ àjàgbé ló ń wà láàárín Houston àti Dallas. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ àbísọ, ẹ̀yin náà mọ̀, nítorí náà nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé wọn, mo ní láti wá nǹkan pè é. Báírò kan wà lápò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ṣe di Akọ̀wé nìyẹn, orúkọ náà kò sì tíì bọ́ lára rẹ̀ dòní.

Òun ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2023. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, mo ń bọ́ bàtà nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ ti rí nǹkan tí ọmọ wa ṣe?" Àyà mi já. Mo rò pé ọmọ tèmi ló lọ da nǹkan sílẹ̀ nílé ìwé.

Adetomiwa Adebawore ló ń wí, ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Kansas City, tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Northwestern. Ní pápá Lucas Oil ní Indianapolis, níbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ NFL lọ́dọọdún, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, ó wọn pọ́n-ùn 282, nǹkan bíi kílò 128. Ó wá sáré yáàdì 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4.49. Ẹ fojú inú wo àpò ìrẹsì oníkílò 25 márùn-ún tí wọ́n dì pọ̀, tó ń sáré bọ̀ wá bá yín bẹ́ẹ̀.

Kó tó dalẹ́, wọ́n ti fi orúkọ wọ ọmọ náà lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. "Freak" ni àwọn kan pè é, ẹni abàmì. Àwọn mìíràn ní "raw", ó ṣì tútù, iná kò tíì kàn án. Èyí tó dùn mí jù ni "tweener". Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò ga tó àwọn tó ń jà létí ìlà, kò sì wúwo tó àwọn tó ń jà láàárín. Àdán ni wọ́n ń pè é: kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Ẹni tó bí i wo ilé, ó wo adé tó tọ òun wá, ó tó fún un ní Adétọ̀míwá. Àwọn tiwọn, aago ìsáré ni wọ́n wò.

Ẹ jẹ́ kí n la eré náà yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Èèyàn mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní kọ́tàbáàkì ló ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, tó ń wá ẹni tó máa jù ú sí. Ọkùnrin márùn-ún tó ki bí ìrókò tò síwájú rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dojú kọ àwọn márùn-ún yìí, tí wọ́n lóṣòó, tí wọ́n fi ìka tẹ ilẹ̀, àwọn gan-an lọ̀rọ̀ kàn: agbèjà ìlà iwájú. Tí ọ̀kan nínú wọn bá já wọlé, tó gbé kọ́tàbáàkì ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, "sack" nìyẹn. Òun ni òǹwòran ń kà bí ẹni ń ka owó àjọ.

Gídígbò ni, àní ìjàkadì tí wọ́n wọ àṣíborí fún. Ẹni tó bá rẹlẹ̀ ju ẹnìkejì lọ ló ń gbé e. Mo máa ń sọ fún ọmọ mi pé kó jẹ́ kí n rí fídíò eré wọn, kó sì dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò rí ọwọ́: ẹni tó ń dáàbò bo kọ́tàbáàkì á na ọwọ́ méjèèjì sí àyà agbèjà, agbèjà á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọrùn ọwọ́ yẹn sọ́nù, á yí ìbàdí, èjìká rẹ̀ á kọjá. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ sí mẹ́ta lọ. Tí ọwọ́ bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, bọ́ọ̀lù ti lọ. Kò sí bí yáàdì 40 ṣe lè fi ọwọ́ yẹn hàn yín.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Nígbà míì ẹni méjì ló ń di agbèjà kan ṣoṣo mú. Ó gbà wọ́n mọ́ra, kò jẹ́ kí wọ́n lọ, ẹlòmíràn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ gbé kọ́tàbáàkì. Orúkọ ẹlòmíràn yẹn ni wọ́n máa kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni tó ru igi kọ́ ló jẹ àsáró.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá Akọ̀wé jà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹsẹ̀ ọmọ àti apá ọmọ ni àwọn òǹwòran ń wò. Ilé tó ń lọ, ẹni tó máa kọ́ ọ, irú ìlà tí wọ́n máa to ó sí, kò kàn wọ́n. Ojú mi ló ṣe ní Houston.

Ọdún 2006 ni mo dé ìlú yìí, tí mo sì ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìránṣẹ́. Ẹgbẹ́ 32 ló máa ń to ìlà lọ́dọọdún láti mú ọmọ tuntun ní ìpele méje, draft ni wọ́n ń pè é, Texans ti Houston ló sì wà níwájú pátápátá lọ́dún náà. Gbogbo ìlú ń retí Vince Young, ọmọ bíbí Houston, tàbí Reggie Bush. Mario Williams ni wọ́n mú, agbèjà ìlà iwájú. Yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ dà bí ilé ọ̀fọ̀. "Bust", wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀ kó tó fọ aṣọ Texans lẹ́ẹ̀kan: owó tó wọgbó. Sack 4.5 ló ní lọ́dún àkọ́kọ́. Ní oṣù kejìlá, Vince Young wọ aṣọ Tennessee wá bá wọn nílé, ó gbé bọ́ọ̀lù sá yáàdì 39 nínú àfikún àkókò, ó jẹ wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń ti ibùsùn aláìsàn lọ́dọ̀ wa sọ fún mi pé òun ti kọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí ayé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mario ní sack 14. Ó tún ní 12. Mo bi ọkùnrin náà ní bust ọjọ́sí. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé níbi tí gbogbo wọn ti ń sunkún Mario, ọmọ kan tí Texans mú ní ìpele kejì lọ́dún kan náà, DeMeco Ryans, ló gba àmì ẹ̀yẹ agbèjà tuntun tó dára jù lọ ní gbogbo NFL. Wọn ò tilẹ̀ ráyè fún un lórúkọ.

Ní 2007, wọ́n mú Amobi Okoye, ọmọ Anambra tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 19 péré. Kò sẹ́ni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti mú ní ìpele àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí Ìgbò, kò sí Yorùbá lójú pópó Bissonnet, ọmọ wa ni gbogbo wa ń pè é. Sack 5.5 ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹnu wa gbòòrò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó pè é ní ọmọ àrà tún yí ohùn padà.

Ọdún 2011 ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ilé lè ṣe. Wade Phillips dé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn agbèjà. Ẹni mẹ́rin ni Texans máa ń tò síwájú tẹ́lẹ̀. Ó ní mẹ́ta ni òun fẹ́, kí mẹ́rin dúró lẹ́yìn wọn. Àfi bí ẹni wó ògiri láàárín yàrá. Mario tó ti ń fi ìka tẹ ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ní kó dìde dúró, kó máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹran àyà rẹ̀ ya nínú eré karùn-ún. Wọ́n jẹ́ kí Okoye máa lọ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú J.J. Watt ní ipò kọkànlá, àwọn olólùfẹ́ Texans tó péjọ hó lé e lórí. Ta ni ìyẹn? Ọmọ tí àwọn tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ọmọ ilé ìwé girama fún ní ìràwọ̀ méjì péré nínú márùn-ún, tí kì í ṣe agbèjà ní yunifásítì tó kọ́kọ́ lọ, tó gbé písà kiri fún àwọn oníbàárà kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní Wisconsin. Lọ́dún kejì rẹ̀, sack 20.5. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba àmì ẹ̀yẹ agbèjà tó dára jù lọ: 2012, 2014, 2015. Nígbà tí omíyalé Harvey gbá Houston ní 2017, òun náà ló kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 37 dọ́là jọ fún ìlú tó hó lé e lórí.

Ẹ má bi mí bóyá wọ́n kọ́gbọ́n. Ní 2014, Jadeveon Clowney wọlé ní ipò àkọ́kọ́, "generational" lorúkọ rẹ̀, irú èyí tí ìran kan máa ń rí lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún rẹ̀ kò gbà. Eré mẹ́rin péré ló ṣe lọ́dún náà, kò ní sack kankan. Mo gbọ́ tí àwọn dókítà tó ń jẹun lọ́dọ̀ wa pàápàá ń pè é ní bust. Èmi mọ ohun tí wọ́n ṣe fún orúnkún yẹn, torí mo ti tọ́jú ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Wọ́n á lu ihò tíntìntín sójú egungun, kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kó dì, kó di kèrékèré tuntun tó máa rọ́pò èyí tó ti ya. Aláìsàn kì í fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọkùnrin náà ń kọ́ ìrìn, ẹ̀yin ń ka sack. Ó padà dìde, wọ́n yàn án sí eré àwọn àṣàyàn, Pro Bowl, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, síbẹ̀ àwọn kan kò dárí jì í pé kò di Watt.

Ní 2023 tí à ń wí, Texans mú Will Anderson ní ipò kẹta. Adebawore tiwa jókòó títí di ìpele kẹrin, ipò 110, kí Colts tó mú un, ẹgbẹ́ Indianapolis, ìlú kan náà tó ti sáré eré àrà yẹn. Akọ̀wé yí orúkọ padà lójú ẹsẹ̀: ó ti di "steal", ọjà gidi lówó pọ́ọ́kú. Mo ní kó wo ilé. DeForest Buckner àti Grover Stewart, àgbà ìjà méjì, ló wà níbi tí ọmọ náà fẹ́ dúró sí. Àga ò ṣófo. Anderson ní tirẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ DeMeco Ryans, ọmọ ìpele kejì ọjọ́sí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá olùkọ́ Texans. Sack méje, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ tí olùkọ́ rẹ̀ gbà ní 2006. Akọ̀wé ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé, pé orí ló gbè é. A ò tíì parí ìjà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Colts àti Texans ń pàdé lọ́dún, ọkọ mi sì ti fòfin dè mí pé kí n má ṣe patẹ́wọ́ fún Adebawore nínú aṣọ Texans.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí. Ọmọ mi ń ṣe agbèjà ìlà iwájú nílé ìwé girama. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi ní àwọn àga onírin sọ pé, "That boy is a project." Houston ni mo wà, ilé ìjọba tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn aláìní ni mo mọ̀ sí project. Mo yíjú padà, mo bi í pé ilé ta ló ń pè bẹ́ẹ̀, èmi àti ọkọ mi ń san owó ilé wa lóṣooṣù. Ojú tì í, kò mọ ohun tó ṣe. Nínú mọ́tò ni ọmọ mi ti ṣàlàyé fún mi, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán: ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ ni, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ dára. Mo ra omi tútù fún ọkùnrin náà lọ́sẹ̀ kejì.

A ti di ojúlùmọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ó tẹ̀ mí léjìká, ó ní ọmọ mi ní mọ́tò. Mo ti kọ́gbọ́n, mo kọ́kọ́ bi í kí ló túmọ̀ sí. Ó ní ẹ́ńjìnnì ni, pé kì í rẹ̀ ẹ́, pé bó ṣe sáré ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ló ń sáré lópin rẹ̀. Mo ní mo mọ mọ́tò náà dáadáa, èmi ni mo ń ra epo sí i: ẹ̀bà méjì àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kó tó lọ, òmíràn nígbà tó bá dé.