Àpò Ìdókòwò Ṣíìpù: Àwọn Wo Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ẹni tó bá lọ ra fóònù ní Computer Village, Ìkẹjà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi béèrè pé, "Gíìgì mélòó ni?" Iye gíìgì yẹn ló ń mú kí owó fóònù méjì tó jọra bí ìbejì jìnnà síra. Ṣíìpù ìrántí ni à ń náwó lé níbẹ̀. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní DRAM ni fóònù fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, ó ti gbàgbé. Èyí tí wọ́n ń pè ní NAND ló ń tọ́jú fọ́tò àti orin wa, kì í gbàgbé bí a tilẹ̀ pa fóònù.

Àwọn tó ń ṣe DRAM kò pọ̀. Samsung àti SK hynix wà ní Gúúsù Kòríà, Micron wà ní ìlú Boise ní Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo èyí tí ayé ń lò. Láti ìgbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti gbòde, tí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń gbé e ró sì ń jẹ ṣíìpù ìrántí lájẹyó, ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló fẹ́ kí owó àwọn náà wà nínú òwò yìí. Ọ̀nà tí wọ́n sì sábà máa ń fi hàn wọ́n ni àpò ìdókòwò ẹ̀ka.

Àpò yìí yàtọ̀ sí àjọ tí alájọ ń gbà lójoojúmọ́, tí yóò dá padà lóṣù lẹ́yìn tó bá yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dáwó jọ sínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o yóò sì fi owó náà ra ìpín nínú oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ìpín yẹn bá lérè, owó onílé àti àlejò lérè. Bó bá já wálẹ̀, ó já lé gbogbo wọn lórí. Ọ̀tọ̀ ni báńkì tó ń tọ́jú ìpín náà, kó má baà bá gbèsè alábòójútó lọ. Owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà kò pọ̀: nínú àpò ṣíìpù kan tó ń jẹ́ SMH, ti ilé-iṣẹ́ VanEck, ó jẹ́ dọ́là mẹ́ta ààbọ̀ lọ́dún lórí ẹgbẹ̀rún dọ́là kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló jókòó síbi kan tó ń ṣa ilé-iṣẹ́ tó dára. Nínú irú àpò yìí, òfin tí a ti kọ sílẹ̀ ló ń ṣà wọ́n. Òfin SMH ni pé kí a mú ilé-iṣẹ́ ṣíìpù 25 tí a ń ná ìpín wọn ní ọjà Amẹ́ríkà. SOXX ti iShares ń mú 30, ọjà Amẹ́ríkà kan náà ni òun náà ń wò.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Seoul ni wọ́n ti ń ná ìpín Samsung àti SK hynix. Láti 2023 títí di 2025, nígbà tí ariwo ọgbọ́n àtọwọ́dá gba ìgboro kan, àwọn méjèèjì kò sí nínú SMH, wọn kò sí nínú SOXX. Nínú àwọn mẹ́ta tó ni ọjà DRAM, Micron nìkan ló wà níbẹ̀, láàárín Nvidia tó ń ya àwòrán ṣíìpù, TSMC ti Taiwan tó ń bá ẹlòmíràn ṣe é, àti ASML ti Netherlands tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó rò pé ṣíìpù ìrántí lòun rà, ohun mìíràn ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó sì sá lọ sínú EWY, àpò Gúúsù Kòríà, yóò bá Samsung àti SK hynix níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ra mọ́tò Hyundai àti báńkì Kòríà mọ́ wọn.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí? Ìdí ni pé ọjà ṣíìpù ìrántí kì í rí bíi ti ṣíìpù yòókù. Ó dà bíi tòmátì ní Mile 12. Tí tòmátì bá kún ọjà, kò sẹ́ni tó ń béèrè oko tó ti wá. Owó gbogbo rẹ̀ já lọ́jọ́ kan náà. DRAM ti Kòríà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà lójú ẹni tó ń rà á. Tí owó bá wà lókè, gbogbo wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun. Ọ̀kan ń gba ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là àti ọdún bíi mélòó kan. Ìgbà tí wọ́n bá parí ni ọjà ń kún. Àgbẹ̀ lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan, ṣùgbọ́n irú ilé iṣẹ́ yẹn ń jẹ owó bí a tilẹ̀ tì í pa, nítorí náà wọn yóò máa ta ṣíìpù lójú àdánù.

Òwò yìí ti pa àwọn ńlá. Ṣíìpù ìrántí ni Intel fi bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1985, àwọn ará Japan ti fi owó pọ́ọ́kú lé e kúrò nínú DRAM. Ó kan àwọn ará Japan náà: Elpida, tí wọ́n fi ẹ̀ka DRAM ti NEC àti Hitachi dá sílẹ̀, wọ gbèsè ní 2012, Micron sì rà á ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Qimonda ti Jámánì ti lọ ṣáájú ní 2009. Hynix pàápàá ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè nígbà kan rí, kí SK tó rà á ní 2012.

Ẹni tó là á já náà ń gbọgbẹ́. Ní ọdún ìṣirò 2022, ọjà tí Micron tà tó bílíọ̀nù 30.8 dọ́là. Ní 2023, ó já sí 15.5, ó sì pàdánù bílíọ̀nù 5.8. SK hynix pàdánù ní ọdún 2023 kan náà. Ní 2025, ọjà Micron ti gòkè dé bílíọ̀nù 37.4, apá kan nínú rẹ̀ nítorí HBM, DRAM tí wọ́n tò léra bí abọ́, tí SK hynix kọ́kọ́ ṣe ní 2013. Kíkó ilé-iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀ sínú àpò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú ilé-iṣẹ́ kan. Kò lè gbà á lọ́wọ́ àsìkò tí ọjà gbogbo wọn já pọ̀. Lójú tèmi, owó tó lè dúró kọjá irú àsìkò bẹ́ẹ̀ nìkan ló yẹ níbẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ àti owó ilé kò yẹ níbẹ̀ rárá.

SMH àti SOXX ń gbé orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà nínú wọn jáde lójoojúmọ́ ọjà, pẹ̀lú ìdá tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ wọ̀nyẹn tán, kí ẹ wo mélòó nínú wọn ló ń ṣe ṣíìpù ìrántí.