Òjò àkọ́rọ̀ dé o! Ẹ wo ohun táwọn ọlọ́kadà Alájué fi ń mọ títì tó fẹ́ gbé wọn ṣubú

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ l'Álájué, nílùú Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, inú gbogbo èèyàn ló máa ń dùn pé ooru ti dín kù. Ẹni tínú ẹ̀ kì í dùn ni ọlọ́kadà tó gbọ́n. Ẹ ẹ́ rí i tó ń rọra lọ bí ẹni tó ru ẹyin, tí èrò ẹ̀yìn ẹ̀ ń pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ tètè o, mo ti pẹ́!" Èrò ò mọ ohun tójú ọlọ́kadà ń rí.

Àṣírí ibẹ̀ rèé. Látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni epo ẹ́ńjìnì ti ń kán sórí títì, tí eruku ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí òjò bá ta sí i díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á pò pọ̀, á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Àmọ́ bí òjò ọ̀hún bá rọ̀ pẹ́, á fọ̀ ọ́ lọ, táyà á sì tún máa di ọ̀dà mú díẹ̀ sí i. Ẹ má fojú di òjò winniwinni.

Ojú lọlọ́kadà kọ́kọ́ fi ń ka títì. Kì í wo ìdí táyà, ọ̀ọ́kán ló ń wò. Ibi tó bá ń dán bí òṣùmàrè, epo ló dà síbẹ̀. Bó bá rí adágún omi, kì í gbà pé ilẹ̀ tẹ́jú lábẹ́ ẹ̀, nítorí kòtò tó lè gbé táyà mì lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ojú, ó kan ọwọ́ àti ìdí. Bí ọwọ́ ọ̀kadà bá ṣàdédé fúyẹ́, tàbí tí ẹ̀yìn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó síhìn-ín sọ́hùn-ún, ilẹ̀ ti ń bọ́ lábẹ́ táyà nìyẹn.

Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tiẹ̀. Yangí tó fọ́n sórí ọ̀dà dà bí ìgbà téèyàn tẹ àgbàdo gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ pupa inú àdúgbò, bó bá ti di ẹrẹ̀, á dí gbogbo ojú táyà, táyà á wá dán bí orí apárí. Ojú irin tó gba Ẹdẹ kọjá lọ sí Òṣogbo náà ńkọ́? Irin tútù kì í di táyà mú. Ọlọ́kadà tó mọṣẹ́ á dá a lábùú gbọọrọ, kò ní gbà á ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹ gbọ́ o, ibi tí táyà kan fi ń kan ilẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ méjì péré ló gbé ọlọ́kadà, èrò àti ẹrù dúró! Ẹni tó bá ń sá ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan, bó bá tẹ bíréèkì, ibi tó máa sá dé kó tó dúró á jìn ní ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó ń sá ọgbọ̀n. Bó bá sì já bíréèkì iwájú gbà lójijì lórí omi, táyà iwájú á há, á yọ̀, ilẹ̀ ló kù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ọlọ́kadà fi ń dín eré kù kó tó dé kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà.

Àwọn èrò náà lẹ́bi tiwọn. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní kí gbogbo èèyàn máa dé akoto lórí ọ̀kadà láti January 1, 2009, àwọn kan ní Kano gbé igbá dé orí, wọ́n ń fi tan ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá lè gbà, àmọ́ ṣé títì á gbà?

Nítorí náà, bí ọlọ́kadà yín bá ń rọra lọ lọ́jọ́ òjò, ẹ má bú u. Ẹni tó pẹ́ kó tó délé sàn ju ẹni tí wọ́n gbé délé lọ.