Àáró àti Ọ̀wẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa da àáró pọ̀ mọ́ ọ̀wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Láàrin àwọn àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá ń ṣe àáró, wọn a kọ ebè ní oko ẹnìkan lónìí, ní ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kan olúkúlùkù. Àwọn fúnra wọn ni í jùmọ̀ pinnu ẹni tí ó kàn. Ní ti ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ni í yan iṣẹ́, òun náà ni í sì í bọ́ àwọn tí ó wá.

Ǹjẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ náà ṣe tiwọn, ọ̀wẹ̀ ni ó bẹ̀. Èrè àáró ni ó ń retí.