Kí Ẹ Tó Dúró Níwájú Adájọ́ Lórí Owó Ìtọ́jú

Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ Ireland, àwọn kan nínú wa wà tí Èbúté Dublin ni oko wọn. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ akẹ́rù jáde láti Alexandra Road, wọ́n ń gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí a ṣí ní ọdún 2006 bọ́ sí títì márosẹ̀. Àwọn kan ń to ẹrù, àwọn mìíràn sì ń tún inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Holyhead ṣe kí èrò tó wọlé. Irú iṣẹ́ báyìí kì í mú iye owó kan náà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹrù bá pọ̀, owó a pọ̀. Bí ìjì bá dá ọkọ̀ dúró, owó a fà sẹ́yìn. Nígbà tí ìrẹ́pọ̀ bá wà, tọkọtaya a máa fi ọgbọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n bí ilé bá pín sí méjì, tí ọ̀kan sì gba ilé-ẹjọ́ lọ láti béèrè owó ìtọ́jú, owó tí kò dúró sójú kan yìí gan-an ni adájọ́ yóò fẹ́ mọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé ẹjọ́ owó ìtọ́jú kì í ṣe ẹjọ́ ta ni ó ṣẹ ta ni. Ẹjọ́ ìṣirò ni. Òfin ọdún 1976 lórí ìtọ́jú ọkọ, aya àti ọmọ ní kí adájọ́ wo owó tí ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ láti ṣiṣẹ́, ohun ìní rẹ̀, àti ojúṣe rẹ̀ sí ẹnì kejì àti sí àwọn ọmọ, títí kan ọmọ tí ó bí sí ibòmíràn. Ìwà lè wọ inú ọ̀rọ̀ náà bí ó bá burú jáì, pàápàá bí ẹnì kan bá kọ ilé sílẹ̀ láìnídìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ ròyìn èébú tí ìyá ọkọ bú u yóò rí i pé adájọ́ ń wo aago. Ọkọ náà lè béèrè lọ́wọ́ aya bí aya bá jẹ́ ẹni tí owó ń wọlé fún.

Ilé-ẹjọ́ Àgbègbè tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdílé ní Dublin ní ọ́fíìsì ní Dolphin House, ní East Essex Street, ní òdìkejì odò Liffey sí èbúté. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó tí ilé-ẹjọ́ yìí lè pa láṣẹ ní òdiwọ̀n: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ €500 lọ́sẹ̀ fún ọkọ tàbí aya, àti €150 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ohun tí ó ń béèrè bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba ilé-ẹjọ́ tí ó ga sí i lọ. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ará ìjọ yóò wá jókòó gbọ́. Ìdákọ́ńkọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ìdílé níhìn-ín.

Nísinsìnyí, ìwé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté kò gbọdọ̀ mú ìwé owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ yóò sọ ọ́ di olówó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìgbà ìjì yóò sì sọ ọ́ di ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ mú ti odindi ọdún kan, kí ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 52, kí ẹ sì kọ iye tí ó bọ́ sí. Ẹ fi ìwé báǹkì, owó ilé, iná, oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó ẹni tó ń bá yín tọ́jú ọmọ tì í. Orí ìwé tí ẹ óò fi ipò owó yín hàn ni gbogbo èyí yóò lọ. Bí ẹ bá ti búra sí i, irọ́ inú rẹ̀ di ìbúra èké, ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ọdún 2021 tún fi ẹsẹ̀ ìyà rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí agbẹjọ́rò òyìnbó kì í sábà béèrè. Adájọ́ kò mọ àjọ. Bí ó bá rí i pé €400 ń jáde lóṣooṣù sọ́dọ̀ obìnrin kan, tí €4,000 sì wọlé lójijì ní oṣù kẹwàá, kí ni kí ó rò? Yóò rò pé owó ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ewé kan ṣoṣo: ènìyàn mélòó ló ń dá a, èló lóṣù, oṣù wo ni tiyín kàn. Kí olórí àjọ fọwọ́ sí i. Owó tí a ń fi ránṣẹ́ sílé náà ńkọ́? Ẹ kó rìsíìtì rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e jù. Ọkọ, aya àti ọmọ ni òfin dárúkọ. Kò dárúkọ ìyá tó wà ní Òṣogbo. Ó dùn wá láti sọ ọ́, nítorí nínú àṣà wa ìyá kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ilé tí ẹ kọ́ dé ojú fèrèsé ní Ìkòròdú ńkọ́? Ohun ìní ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ẹnì kejì tí ẹ jọ ra ilẹ̀ náà kò gbàgbé.

Ẹ mú ẹ̀rí ìgbéyàwó dání pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, ẹ lè nílò ẹlẹ́rìí tó mọ òfin Nàìjíríà. Ní ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Ireland gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará Lẹ́bánónì kan yẹ̀wò, ẹni tó gbé ìyàwó méjì níyàwó kí ó tó dé ìhín. Wọ́n gba ìgbéyàwó àkọ́kọ́. Wọn kò gba èkejì.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà ti pè yín jókòó kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé-ẹjọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ìyá ọmọ fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní béèrè kọ́bọ̀ láé, asán ni ìwé náà: ẹsẹ̀ 27 òfin ọdún 1976 sọ pé àdéhùn kankan kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti béèrè ohun tí òfin náà fún un. Bí ẹ bá fẹ́ ìlàjà tí yóò dúró, àwọn onílàjà Legal Aid Board wà ní Dolphin House náà, ọ̀fẹ́ sì ni iṣẹ́ wọn. Ìwé tí ẹ bá jọ fọwọ́ sí níbẹ̀, ẹ lè bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó sọ ọ́ di àṣẹ.

Ìyá kan ló jẹ́ kí ẹni tí kò lówó lè rí agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ yìí. Johanna Airey ni orúkọ rẹ̀, ará Cork, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, ilé-ẹjọ́ sì ti bu owó ìtanràn lé e ní ọdún 1972 nítorí pé ó lù ú. Ní 1974 ilé-ẹjọ́ ní kí ọkọ náà máa san £20 lọ́sẹ̀ fún un. Ó di £27 ní 1977, ó di £32 ní 1978. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, owó dúró ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Airey fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ ya àwọn méjèèjì, kò sì rí owó agbẹjọ́rò. Mary Robinson, tó wá di Ààrẹ ní 1990, bá a gbé e dé Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, wọ́n sì dá a láre ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1979. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìrànlọ́wọ́ òfin fún tálákà bẹ̀rẹ̀. Iye owó tí ń wọlé fún yín ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó gbà yín, ẹ ó sì san díẹ̀. Ẹ tètè kọ orúkọ, nítorí ìlà a máa gùn. Àwọn FLAC pẹ̀lú, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin dá sílẹ̀ ní 1969, ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn Airey: àṣẹ ilé-ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó kò wọlé. Nítorí náà ẹ bẹ adájọ́ pé kí owó máa gba ọ́fíìsì ilé-ẹjọ́ kọjá, kí àkọsílẹ̀ lè wà, kí akọ̀wé sì lè lépa gbèsè. Bí ẹni náà bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, ilé-ẹjọ́ lè ní kí ọ̀gá rẹ̀ máa yọ ọ́ ní orísun. Bí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Holyhead, kò tíì bọ́: láti ọdún 1974 ni òfin ti wà fún gbígba irú owó bẹ́ẹ̀ láàárín ilẹ̀ Ireland àti Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn àgbáyé ti The Hague sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ kàn dákẹ́ bí ọkọ Airey. Kí ó padà lọ bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n dín in kù. Bí ẹni tó ń gba owó bá fẹ́ ẹlòmíràn, tirẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n ti ọmọ ń lọ títí ó fi pé ọdún 18, tàbí 23 bí ó bá ṣì wà ní ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ ẹjọ́, ẹ dé kí aago tó lù. Ẹjọ́ púpọ̀ ni wọ́n ń pè ní òwúrọ̀ kan, ó sì lè di ọ̀sán kí wọ́n tó kan yín. Ẹ wá ẹni tí yóò mú ọmọ láti ilé-ìwé, ẹ má mú wọn dání. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ alẹ́ ní èbúté ní àná ọjọ́ náà, ẹ ti bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní orí ìwé, kí ẹ lè sùn.