Ohun Tó Wà Nínú GP: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣírò Èsì Rẹ̀

Bí ọmọ kan bá mú 3.50 délé láti Kwara State Polytechnic, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà mú 3.50 délé láti University of Ilorin, ìyá wọn lè rò pé ọgbọọgba ni àwọn ọmọ òun ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àbúrò ti wọ Distinction, ipò tó ga jù lọ ní pólí. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹnu ọ̀nà 2:1 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní tú-wan ni, bó bá sì jẹ́ 3.49 ló ní, tú-tú (2:2) ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ì bá jẹ́. Òṣùwọ̀n ló fa ìyàtọ̀. Ní pólí, 4.00 ni òkè téńté. Ní Unilorin, 5.00 ni.

Ẹni tó bá ti gbé ní Tanke, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin, mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí èsì bá jáde. Fóònù kì í sinmi. Àwọn kan á máa pariwo ayọ̀, àwọn kan á tilẹ̀kùn mọ́rí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bi wọ́n bí nọ́ńbà ọ̀hún, tí wọ́n ń pè ní GP tàbí GPA, ṣe dé ojú fóònù wọn, ọ̀pọ̀ ni kò lè ṣàlàyé. Ó ṣeni láàánú, nítorí nọ́ńbà yìí yóò tẹ̀lé wọn lọ síbi ìwáṣẹ́, yóò tẹ̀lé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àti Masters. Kò yẹ kó jẹ́ àwámárìídìí fún ẹni tó ni ín. Ìṣirò inú rẹ̀ kò sì ju àròpọ̀, ìsọdipúpọ̀ àti pípín lọ, èyí tí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ti kọ́.

Ohun mẹ́ta péré ló wà nídìí rẹ̀: máàkì, pọ́íǹtì àti yúnítì.

Ní ọ̀pọ̀ fásitì Nàìjíríà tó ń lo òṣùwọ̀n 5.00, máàkì 70 sí 100 ni A, ó sì ń mú pọ́íǹtì 5 wá. 60 sí 69 ni B, pọ́íǹtì 4. 50 sí 59 ni C, pọ́íǹtì 3. 45 sí 49 ni D, pọ́íǹtì 2. 40 sí 44 ni E, pọ́íǹtì 1. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 40 ni F, òdo sì ni. Àwọn ẹ̀ka kan wà tí máàkì ìyege wọn ga ju 40 lọ. Inú ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀ka ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i. Lójú òṣùwọ̀n yìí, ẹni tó gba 70 àti ẹni tó gba 98 kò yàtọ̀ síra, nítorí A ni wọ́n jọ gbà. Ṣùgbọ́n odindi pọ́íǹtì kan ló wà láàárín 69 àti 70. Ìdí nìyí tí tẹ́ẹ̀sì àti asáímẹ́ǹtì àárín sẹ̀mẹ́sítà, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ 30 tàbí 40 nínú 100, kò fi ṣeé fojú kéré. Máàkì kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù níbi tẹ́ẹ̀sì tí kò wá ṣe lè sọ A di B.

Yúnítì ni ìwọ̀n kọ́ọ̀sì. Yúnítì 1 sábà máa ń dúró fún lẹ́kíṣọ̀ wákàtí kan lọ́sẹ̀ jálẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà, tàbí nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ nínú láàbù. Ẹni tó bá ti dá èsúsú rí yóò tètè lóye rẹ̀. Nínú èsúsú, ẹni tó mú ọwọ́ mẹ́ta ń dá owó ọwọ́ mẹ́ta, nígbà tó bá sì kan kíkó, ọwọ́ mẹ́ta ni yóò kó. Kọ́ọ̀sì yúnítì 3 mú ọwọ́ mẹ́ta nínú GPA, GNS, ìyẹn kọ́ọ̀sì ìmọ̀ gbogboogbò, tó jẹ́ yúnítì 2 mú méjì, iṣẹ́ láàbù tó jẹ́ yúnítì 1 mú ẹyọ kan.

Ká wá fi akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kan tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba A nínú ìṣirò tó jẹ́ yúnítì 3: 5 lọ́nà 3 jẹ́ 15. Ó gba C nínú kẹ́mísírì yúnítì 3, ìyẹn 9. B nínú físíìsì yúnítì 3, ìyẹn 12. D nínú bàọ́lọ́jì yúnítì 3, ìyẹn 6. GNS yúnítì 2 fún un ní B, ìyẹn 8. Láàbù kẹ́mísírì, yúnítì 1, jẹ́ A, ìyẹn 5; láàbù físíìsì, yúnítì 1, jẹ́ B, ìyẹn 4. Àpapọ̀ pọ́íǹtì rẹ̀ jẹ́ 59, àpapọ̀ yúnítì sì jẹ́ 16. Bí a bá pín 59 sí ọ̀nà 16, ohun tó jáde jẹ́ 3.69. GPA rẹ̀ fún sẹ̀mẹ́sítà náà nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ro pọ́íǹtì kọ́ọ̀sì méjèèje pọ̀, kó sì fi 7 pín in. Yóò rí 27, yóò pín in, yóò rí 3.86, yóò sì máa bínú sí fásitì pé wọ́n ré òun jẹ. Kò sẹ́ni tó ré e jẹ. Ó gbàgbé ìwọ̀n ni.

Ìwọ̀n yìí lágbára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan náà pààrọ̀ lẹ́tà méjì péré: A tó gbà ní láàbù kẹ́mísírì bọ́ sórí bàọ́lọ́jì, D bàọ́lọ́jì sì bọ́ sórí láàbù. Lẹ́tà tó wà lójú èsì rẹ̀ kò yí padà, A méjì, B mẹ́ta, C kan, D kan náà ni. Ṣùgbọ́n pọ́íǹtì rẹ̀ ti di 65, GPA rẹ̀ sì ti di 4.06. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi gbogbo òru ka ìwé kọ́ọ̀sì yúnítì 1 nígbà tí yúnítì 3 ń dúró dè é ní ọjọ́ kejì.

CGPA ni GPA gbogbo sẹ̀mẹ́sítà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe. Níbí náà, ọ̀pọ̀ máa ń ṣì í. Ká ní ọmọ yìí ṣe yúnítì 18 ní sẹ̀mẹ́sítà kejì, ó sì rí pọ́íǹtì 81, ìyẹn GPA 4.50. Kò gbọdọ̀ ro 3.69 àti 4.50 pọ̀ kó fi 2 pín in. Yóò padà sídìí ọ̀rọ̀: 59 àti 81 jẹ́ 140, 16 àti 18 jẹ́ 34, pín 140 sí ọ̀nà 34, ó di 4.12. Nọ́ńbà yìí ni wọn yóò fi sọ ọ́ di ẹni ipò kan lọ́jọ́ ìkẹyìn: 4.50 sí 5.00 ni fáàsì kíláàsì, 3.50 sí 4.49 ni tú-wan, 2.40 sí 3.49 ni tú-tú, 1.50 sí 2.39 ni tádì kíláàsì.

Orísun méjì ni ìlànà yìí ti wá, ó sì dùn ún mọ̀. Orúkọ ipò wọ̀nyí, láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Fásitì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ University of London. Nígbà tí wọ́n dá ti Ìlọrin sílẹ̀ ní 1975, abẹ́ Ìbàdàn ni òun náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ 200 àkọ́kọ́ wọlé ní 1976, ó sì di fásitì tó dá dúró ní 1977. Àmọ́ yúnítì àti pọ́íǹtì, ti Amẹ́ríkà ni. Láti 1897 ni Mount Holyoke College ní Massachusetts ti ń fi lẹ́tà dárúkọ máàkì. University of Nigeria, Nsukka, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, sì wà lára àwọn tó gbé ìlànà Amẹ́ríkà wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ìṣirò Amẹ́ríkà ló ń gbé ọmọ Ìlọrin dé ipò tí Gẹ̀ẹ́sì sọ lórúkọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pé ọdún àkọ́kọ́ kò ní nǹkan ṣe, pé wọ́n ṣì máa gbé GP wọn sókè tó bá yá. Ìmọ̀ràn búburú ni. Yúnítì ọdún àkọ́kọ́ àti ti ọdún ìkẹyìn kò ju ara wọn lọ, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ní nínú CGPA. Ohun tó ń yí padà ni àyè tó ṣẹ́ kù.

Ká ní yúnítì 160 ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe kó tó gboyè. Láti ní 4.50, ó nílò pọ́íǹtì 720. Ọmọ tó ní 3.69 nínú yúnítì 16 àkọ́kọ́ ti ní 59 lọ́wọ́. 661 ló kù, yúnítì 144 ló sì kù láti fi wá a. Bó bá pín in, 4.59 ni. Ó le, àmọ́ ọwọ́ lè tó o: kí A rẹ̀ kàn pọ̀ díẹ̀ ju B lọ láti ìgbà yẹn lọ. Ká wá wo ẹlòmíràn tó parí ọdún kẹta pẹ̀lú CGPA 4.30 nínú yúnítì 120. Ọmọ yìí mọ̀wé ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú gbogbo ènìyàn. Pọ́íǹtì 516 ló ní. 204 ló kù, yúnítì 40 péré ló sì ní láti fi wá a. 204 pín sí ọ̀nà 40 jẹ́ 5.10. Kò sí 5.10 nínú òṣùwọ̀n 5.00. Bó tilẹ̀ gba A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tó kù, fáàsì kíláàsì ti lọ, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ̀ títí di ọjọ́ ìgboyè. Ẹni tó wà ní 3.30 ní àkókò kan náà ṣì lè bọ́ sí tú-wan: 164 ló nílò nínú yúnítì 40, ìyẹn 4.10. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Kárí-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ gba F nínú rẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, tún ní ìyà tirẹ̀. F kò mú pọ́íǹtì wá, ṣùgbọ́n yúnítì rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín. Fásitì méjì lè má sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ bákan náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka ìgbà méjèèjì, ẹni tó gba F nínú yúnítì 3, tó padà wá gba C, ti kó pọ́íǹtì 9 jọ nínú yúnítì 6, ìyẹn 1.50. Níbi tí C bá ti rọ́pò F, 3.00 ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè èyí lọ́wọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, kó má dúró dìgbà tí kárí-ófà bá dé.

Àwọn kan ti gun òkè yìí dé góńgó. Ní 2016, Ayodele Dada gboyè nínú Psychology ní University of Lagos pẹ̀lú CGPA 5.00. Ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí ni pé kò sí B kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 2023, Aminat Yusuf gboyè nínú òfin ní Lagos State University pẹ̀lú 4.98. Láti mọ bí 4.98 ṣe ga tó, ká ní ẹnì kan ṣe yúnítì 200, tó gba A nínú gbogbo rẹ̀ àfi B nínú yúnítì 4: pọ́íǹtì 996 ni yóò ní, 4.98 gan-an ni yóò sì jáde.

Ẹni tó bá ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nílé gbọ́dọ̀ gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dání pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìbàdàn fi lo òṣùwọ̀n 7.00, níbi tí fáàsì kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ láti 6.0. Lórí òṣùwọ̀n yẹn, tú-tú ni 4.5; ní Ìlọrin, fáàsì kíláàsì ni. Ní Amẹ́ríkà, 4.00 ló sábà máa ń jẹ́ òkè téńté, nítorí náà ọmọ Unilorin tó ní 4.00, tó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù wọn láìsọ pé nínú 5.00 ni, ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ láìmọ̀. Àwọn kan ń fi 0.8 sọ nọ́ńbà wọn di púpọ̀, kí 4.50 lè di 3.60. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ èsì wò, bíi WES, lè yẹ kọ́ọ̀sì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìdajì yúnítì rẹ̀ jẹ́ A, tí ìdajì sì jẹ́ B, ní 4.50 nílé, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ka A sí 4, B sí 3, 3.50 ni yóò jáde.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kò sí nínú ìjàkadì ipò yìí, nítorí oyè wọn, MBBS, kì í ní tú-wan tàbí tú-tú. Àwọn tó fi èsì ìdánwò IJMB wọlé ní Direct Entry wà nínú rẹ̀, tiwọn sì gba ìṣọ́ra jù: ọdún kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, yúnítì wọn kéré, D kan sì ń fà wọ́n sílẹ̀ ju bó ṣe ń fa ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi yẹ kí èèyàn mọ ìṣirò yìí. Èsì máa ń sọnù, máàkì sì máa ń ṣì wọlé. Bí A tí ọmọ tí a fi ṣàpẹẹrẹ gbà nínú ìṣirò bá wọlé bí F, pọ́íǹtì 15 ti lọ: 59 di 44, 3.69 di 2.75. Ẹni tó ń kọ máàkì tẹ́ẹ̀sì, yúnítì àti pọ́íǹtì rẹ̀ sínú ìwé láti sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ yóò rí i lọ́jọ́ tí èsì jáde pé nǹkan kan kò tọ́, yóò mọ kọ́ọ̀sì tó ti wá, yóò sì lè kọ̀wé sí olùdámọ̀ràn lẹ́fẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ kí Sẹ́nétì tó fọwọ́ sí èsì náà.