Ṣeun Adígún: Láti Orí Pápá Eré Ìje dé Orí Yìnyín

Ní Computer Village, ní Ìkẹjà, yìnyín tí ènìyàn lè rí kò ju èyí tí àwọn tí ń ta omi tútù kó sínú kúlà wọn lọ. Èdè Yorùbá pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ya yìnyín tí ń bá òjò rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi dídì. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2018, ikọ̀ Nàìjíríà kópa nínú ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang, ní Gúúsù Kòríà. Ṣeun Adígún, ọmọ Nàìjíríà tí a bí sí ìlú Chicago ní ọdún 1987, ni ó dá ikọ̀ náà sílẹ̀.

Eléré ìje ni Adígún. Nínú eré onídènà oní-100 mítà, ó gba wúrà níbi ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Nairobi ní ọdún 2010, ó sì ṣojú Nàìjíríà ní London ní ọdún 2012. Lẹ́yìn èyí ni ó kọjú sí bobsled.

Bobsled jẹ́ ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí ń fi irin yọ̀ lórí yìnyín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin méjì a jùmọ̀ taari rẹ̀, wọn a sáré tẹ̀ lé e, wọn a sì fò sínú rẹ̀. Ẹni iwájú ni ó ń tọ́ ọkọ̀. Ẹni ẹ̀yìn ni ó ń tẹ bíréèkì nígbà tí eré bá parí. Bí wọ́n bá fi àkókò díẹ̀ ṣòfò níbi ìtaari, òfò náà a máa pọ̀ sí i bí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ eléré ìje fi ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju bíbí ènìyàn sí ilẹ̀ olótùútù lọ. Sísáré náà ni Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, tí Adígún pè mọ́ra, ti wá.

Houston, tí òun náà móoru, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Adígún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ onípákó kan fún ìdánrawò ìtaari. Ó sọ ọ́ ní Maeflower, ní ìrántí arábìnrin rẹ̀ kan tí ó ti di olóògbé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti bẹ àwọn ènìyàn fún owó. Eré márùn-ún ni òfin ní kí wọ́n parí kí wọ́n tó lè lọ sí Òlíńpíìkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, wọ́n parí wọn ní Calgary, ní Kánádà. Kò sí ikọ̀ bobsled kankan láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn.

Ní Pyeongchang, Adígún tọ́ ọkọ̀, Omeoga sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ni wọ́n gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọkọ̀ wọn sì gúnlẹ̀ láìdojúdé.