Ọmọ Tó Gbọ́ Ohun Tí A Sọ

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí mo máa ń fi da kíláàsì rú nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni: gbọ́. Etí la fi ń gbọ́ ìró. Ẹni tó mọ èdè Faransé, a ní ó gbọ́ Faransé. Ọmọ tó ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, a ní ó gbọ́ràn. Ìró, ìtumọ̀, ìgbọràn: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá rọrùn fún wa láti rò pé ẹni tó bá ti gbọ́ ìró ti gbọ́ ìyókù náà, àti pé tí kò bá ṣe bí a ṣe fẹ́, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni.

Ẹ wo ọmọ kan tó ń fi ṣíbí lu tábìlì. Ìyá rẹ̀ ranjú mọ́ ọn, ó ní, "Tún un lù, kí o rí i!" Ọmọ tún un lù, ó sì ń dúró kó rí i. Ìgbájú ló rí. Ní ti gírámà, kò ṣe àṣìṣe kankan. Àṣẹ ni wọ́n pa, ó sì tẹ̀ lé àṣẹ. Síbẹ̀, gbogbo ilé á ní aláìgbọràn ni.

Gbogbo ọmọdé ló lè ṣe báyìí nígbà kan. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní autism, ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè bá wọn dàgbà. (Autism kì í ṣe èpè, kì í sì í ranni. Bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ni.) Leo Kanner, dókítà tó ń rí sí ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọmọ 11 irú èyí ní 1943. Bàbá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nípa àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, ọ̀rọ̀ kan náà, on, ni Gẹ̀ẹ́sì sì ń lò fún ohun tó wà lórí tábìlì àti ohun tó wà lára ògiri. Ọmọ náà tún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ṣe: ẹ̀gbẹ́ ògiri ni àwòrán wà! Èmi ì bá fún un ní máàkì. Ṣebí Yorùbá náà ya "lórí" sọ́tọ̀ kúrò lára "lára".

H. P. Grice, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde ní 1975 pé ohun tí gbólóhùn wí lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó sọ ọ́ ní lọ́kàn, àti pé olùgbọ́ ló ń ṣe ìṣirò láti orí èkíní dé èkejì. Ẹnì kan dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń jáde lọ, ó ní "Mò ń bọ̀", kò sì sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Ẹni tó ń jẹun ní "Ẹ wá jẹun", a ní "Á gba ibi ire o", a kò sì kúrò níbi tí a jókòó sí. Ẹni tí kò ṣe ìṣirò yẹn á wẹ ọwọ́, á jókòó ti abọ́. Wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ta ló sì pè é?

Níbí ni òwe wa kan ti ń kọ mí lóminú: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Òwe àtàtà ni láàárín àgbàlagbà tí wọ́n jọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ó ti sọ ìṣirò Grice di ìwà. Ẹni tí àbọ̀ kò di odidi nínú rẹ̀, ṣé kì í ṣe ọmọlúàbí nìyẹn? Mo rí ọmọ tí kì í purọ́, tí kì í jalè, tí wọ́n fi òwe yìí nà bí ẹgba.

Àwọn kan rò pé àkànlò èdè ló le jù fún wọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. "Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ", "ọba wàjà": gbogbo wa la kọ́ wọn bí a ṣe kọ́ "àga" àti "omi". Ìwádìí tí Courtenay Norbury gbé jáde ní 2005 fi hàn pé bí ọmọ ṣe mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ló ń pinnu bóyá àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ á yé e, ju pé ó ní autism tàbí kò ní lọ. Èyí tó sábà máa ń le ni èyí tí a dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bíi "O kú iṣẹ́ o!" fún ọmọ tó fọ́ àwo.

Àdàpè ọ̀rọ̀ tilẹ̀ lè dá ẹ̀rù síni lára. A sọ fún ọmọ pé bàbá àgbà ti sùn, nígbà tó di alẹ́, a ní kí òun náà lọ sùn. Ẹ rò ó wò, jàre. Ẹ sọ fún un pé bàbá kú, pé ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, pé kò ní padà wá. Mo mọ̀ pé ó wúwo lẹ́nu wa.

Ẹ gbà mí láyè kí n dé ìdí ọ̀rọ̀ àmì ohùn díẹ̀, ẹ kúkú mọ̀ mí. Ní 1983, Uta Frith àti Margaret Snowling fún àwọn ọmọ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí tear wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè lọ́nà kan fún omijé, lọ́nà mìíràn fún yíya aṣọ. Àwọn tó ní autism kì í sábà fi ìyókù gbólóhùn mọ èyí tí wọn yóò pè. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa ńkọ́? Oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀: ẹ yọ àmì kúrò, oko ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ọmọdé láìsí àmì, ta ni ẹ rò pé yóò bá yín ṣe ìṣirò náà?

Damian Milton, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tí òun fúnra rẹ̀ ní autism, kọ ní 2012 pé àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí, ọ̀nà méjì ló ń gbà wá: àwa náà kì í gbọ́ tiwọn. Kanner ti rí ẹ̀rí èyí ní 1946. Ó kọ nípa ọmọ kan, Paul, tó máa ń pariwo "Peter eater" nígbàkigbà tó bá rí ohun tó jọ ìkòkò ìdáná. Ìsọkúsọ ni létí ẹni tí kò mọ̀dí. Ìyá rẹ̀ ló rántí pé nígbà tí Paul wà ní ọmọ ọdún méjì, òun ń ka ewì ọmọdé kan tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ fún un nínú ilé ìdáná, ni ìkòkò bá já bọ́ lọ́wọ́ òun.